Ilé tí kò ní díìṣì: báwo la ṣe ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Lagere_22:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Lagere ní Ilé-Ifẹ̀ ni ilé wà, kò sí díìṣì lórí òrùlé, onílé ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun páànù òun. Ohun tó wà nílẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan, díkódà GOtv, àti éríà lórí ọ̀pá ọparun lẹ́yìnkùlé. Ìròyìn Yorùbá ìrọ̀lẹ́ àti eré òpin ọ̀sẹ̀ la fẹ́ máa gbà sílẹ̀, ká lè wò ó nígbà tá a bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣé ó ṣeé ṣe láìsí díìṣì? Irú fíláàṣì wo la máa rà? Kí la sì máa ṣe sí ọ̀rọ̀ iná?

Oníwáyà:
Ẹ kú iṣẹ́. Díìṣì kọ́ ló ń gba nǹkan sílẹ̀. Àpótí tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà á. Díìṣì kàn ń gbé sígínà wọlé ni, éríà náà sì ń gbé tirẹ̀ wọlé. Ẹ fi òrùlé onílé sílẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú pálọ̀.

GOtv ò ní ètò gbígba nǹkan sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta fíláàṣì fún yín nítorí ihò USB tó wà lára rẹ̀, iṣẹ́ yẹn kọ́ ló wà fún. Ọ̀nà wà láti gba ohun tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe é. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà á sọ ìyẹn.

Ẹ yí tẹlifíṣọ̀n yín sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ka sítíkà rẹ̀. DVB-T2 lẹ ń wá, ìyẹn irú sígínà dígítà tí éríà ń gbà; T2 la máa ń pè é ní kúkúrú. DVB-T lásán ò lè rí sígínà dígítà tibí, torí T2 ni Nàìjíríà ń lò. Bí T2 bá wà níbẹ̀, ẹ wo rìmóòtù, bóyá bọ́tìnnì REC (gbígbà sílẹ̀) wà tàbí àmì róbótó pupa. Tó bá wà, tẹlifíṣọ̀n yẹn fúnra rẹ̀ lè gba ohun tó ń tojú éríà wọlé sórí fíláàṣì. Lára LG kan, Time Machine ni wọ́n ń pè é. Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n tó gbà á sílẹ̀ nìkan ló máa ń lè ṣí i. Ẹ gbé fíláàṣì náà sára ẹ̀rọ mìíràn, kò ní rí nǹkan kan mú jáde. Bí tẹlifíṣọ̀n bá sì bàjẹ́, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kó pamọ́ bá a lọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ATSC, ètò sígínà tiwọn, ló wà nínú rẹ̀, éríà tibí ò lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kàn fi díkódà sí i lára. Èyí tó ti ìlú ọba wá, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ Freeview HD sí i. Bí HD bá wà níbẹ̀, T2 ni. Freeview lásán, T ni, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú.

Òṣómàáló:
Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn tọ́. Bí tẹlifíṣọ̀n ò bá ní REC, àpótí T2 kékeré lẹ máa rà. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà níbí, tàbí ní Lagere lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ẹ ní "díkódà T2 tó ní PVR" lẹ fẹ́, ìyẹn èyí tó lè gba ètò sílẹ̀. StarTimes náà ní èyí tó ń lo éríà, púpọ̀ nínú wọn sì ń gba nǹkan sílẹ̀ sórí fíláàṣì, àmọ́ àpótí kan náà lẹ máa fi wò ó. Ti FreeTV, ètò tẹlifíṣọ̀n dígítà ti Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára ibi tí ìyípadà sí dígítà dé ní 2018. Àpótí tiwọn náà, ẹ yẹ rìmóòtù rẹ̀ wò fún REC kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ má sanwó kí wọ́n tó fi éríà sí i lójú yín. Ẹ mú fíláàṣì tiyín dání. Ẹ ní kí wọ́n ṣe "search", kí "bandwidth" wà lórí 8 MHz, kí wọ́n yan DVB-T2. Bí orúkọ ìkànnì bá jáde, tí àwòrán sì jáde, ẹ tẹ REC, ẹ jẹ́ kó gba ìṣẹ́jú 3, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ wò ó pa dà. Bí orúkọ bá jáde ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, tó kọ "scrambled" tàbí tí àmì kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti ìkànnì yẹn pa. Àpótí lásán ò lè wò ó, kò sì lè gbà á sílẹ̀. Alátẹ tó bá kọ̀ láti dán an wò fún yín, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Lagere_22:
Ẹ ṣeun o. A ti wo sítíkà, DVB-T2 ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí REC lórí rìmóòtù. Àpótí la máa rà nìyẹn. Fíláàṣì GB 64 kan wà nílẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ń kọ orin láti inú rẹ̀, ṣé ìyẹn tó?

Ìyá Kọ̀ǹpútà:
Ó tó, ó tún pọ̀, bó bá jẹ́ 64 lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì tí wọ́n kọ 64 tàbí 128 sí lára, 8 ló wà nínú rẹ̀. Yóò gba wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ dáadáa. Ohun tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, yóò ní òun gbà á, orúkọ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣí i, òfìfo. Ẹ kọ́kọ́ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux. Ó máa kọ nǹkan kún fíláàṣì náà tán pátápátá, á sì kà á pa dà. Ó lè gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n rèé. Ìkànnì lásán tí kì í ṣe HD máa ń lo bíi megabit 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 3600 sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí 8 kó di megabyte: bíi GB 0.9 sí 1.8 ní wákàtí kan. HD tó ń lo megabit 8 á jẹ GB 3.6. Fíláàṣì 32 tó jẹ́ ojúlówó, bíi 29 lẹ máa rí nínú rẹ̀, ìyẹn wákàtí 16 fún ìkànnì lásán. Ìròyìn ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ fún oṣù kan ò lè kún un.

Ìkejì, bí wọ́n ṣe ṣe inú rẹ̀. Fíláàṣì 64 tuntun máa ń wá pẹ̀lú exFAT (exFAT, FAT32 àti NTFS jẹ́ ọ̀nà tí fíláàṣì ń gbà to fáìlì), ọ̀pọ̀ àpótí T2 ò sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kò sí USB. FAT32 ni kálukú wọn mọ̀. Windows kì í fi ojú ìwé "Format" tirẹ̀ ṣe FAT32 fún ohun tó ju 32 GB lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ jẹ́ kí àpótí fúnra rẹ̀ ṣe é: ẹ wọ Menu, ẹ wá ibi USB tàbí PVR, ẹ yan Format. Ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ á lọ o. FAT32 ò lè gbé fáìlì kan tó ju 4 GB lọ. Tí eré bólì HD bá gùn, àpótí tó dáa á gé e sí méjì, á tún so ó pọ̀ bẹ́ ẹ bá ń wò ó. Èyí tí kò dáa á kàn dúró láìsọ fẹ́nì kankan. Bí Menu bá ní NTFS, ẹ yan ìyẹn fún bólì.

Ohun mìíràn ni Timeshift. Èyí máa ń kọ nǹkan sórí fíláàṣì ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ lè dá àwòrán dúró. Fíláàṣì ń gbóná, ó sì ń gbó níbẹ̀. Ẹ pa á, bí kò bá ṣe pé ẹ nílò rẹ̀.

Oníwáyà:
Ìyá ti parí ọ̀rọ̀ fíláàṣì. Ẹni tó bá fẹ́ fi "hard disk" kékeré ṣe é, kó rántí pé ihò USB lẹ́yìn àpótí wọ̀nyí, miliamp 500 ló sábà máa ń gbé jáde. Dísìkì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ máa gbọ́ tó ń dún "tíkì, tíkì", àpótí á sì kú, á tún tàn. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára ò tó o. USB hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tó ní ṣájà tirẹ̀ ló ń wò ó sàn. Fún ìròyìn àti eré, fíláàṣì tó.

Òṣómàáló:
Kẹ́ ẹ tó fi aago sí i, ẹ lọ síbi "Time" nínú Menu, kẹ́ ẹ gbé e sí GMT+1. Òun ni wákàtí Nàìjíríà. Àpótí púpọ̀ ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú GMT+0. Tí aago wa bá lu mẹ́jọ, méje ló wà lójú tirẹ̀. Ẹ fi sí 20:00, á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án wa, ìròyìn ti parí. GMT nìkan ni kẹ́ ẹ yí. Láti ojú sígínà ló ti ń gba aago fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ yí aago.

Níbi "Timer", ẹ yan ìkànnì, ẹ yan "Daily" fún ìròyìn, "Weekly" fún eré Sátidé, kẹ́ ẹ sì yan "Record". Ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀ lórí "Play" tàbí "Remind". Àpótí á tàn lóòótọ́, á ṣí ìkànnì, kò sì ní gba nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5 ṣáájú, kó sì parí ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn, torí àwọn ilé iṣẹ́ wa ò fi bẹ́ẹ̀ pa aago mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde, rìmóòtù lẹ fi pa á. Bẹ́ ẹ bá ti fi ṣúìṣì ara ògiri pa á, ó di òkú, kò sí Timer kankan mọ́.

Lagere_22:
Iná ní tiẹ̀ ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ gan-an ni wọ́n ń mú un lọ ní àdúgbò wa.

Oníwáyà:
Ọ̀rọ̀ tó jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mọ́ni pé ẹ ò nílò láti tan tẹlifíṣọ̀n kí àpótí tó gba nǹkan sílẹ̀. Ẹ wo ṣájà àpótí náà: bó bá jẹ́ 12V 1A ló kọ sí i, àpótí náà kì í jẹ ju bíi wáàtì 6 sí 10 lọ. Ẹ ò nílò jẹnẹrétọ̀ fún ìyẹn.

Mini UPS, bátìrì kékeré tí wọ́n ń lò fún ráútà, tó ní ojú 12V, ló rọrùn jù. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tàn yín jẹ. Tó bá kọ 8800 mAh, vólítì 3.7 ni wọ́n fi kà á, ìyẹn wáàtì-wákàtí 32 péré. Bẹ́ ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kúrò, àpótí tó ń jẹ wáàtì 8 á lo wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn tó fún ìròyìn àti eré kan. Bátìrì 12V 7Ah tó wà nínú UPS kọ̀ǹpútà jẹ́ wáàtì-wákàtí 84. Ẹ má lò ó ju ìdajì lọ kó má bàa tètè kú, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún nìyẹn.

Bátìrì mọ́tò ńkọ́? Tí ṣájà bá wà lára rẹ̀, ó lè gòkè ju vólítì 14 lọ, àpótí tí wọ́n ṣe fún 12 sì lè jóná. Ẹ fi régúlétọ̀ 12V sáàárín. Kẹ́ ẹ sì wo orí wáyà: àárín rẹ̀ ni pọ́sítíìfù fún ọ̀pọ̀ jù lọ, àwòrán rẹ̀ wà lára ṣájà. Ẹni tó bá yí i pa dà, àpótí mìíràn ló máa rà.

Ibi tí èèyàn ti ń gbàgbé ni bọ́ọ̀sítà éríà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún sígínà lágbára. Bí bọ́ọ̀sítà yín bá ń mu iná láti ara ògiri, àpótí á wà láàyè lórí bátìrì, sígínà á sì kú. Ẹ máa bá fáìlì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ ra bọ́ọ̀sítà 5V tó ń mu iná láti ara àpótí gba inú wáyà éríà, kẹ́ ẹ sì tan "Antenna Power" nínú Menu. Tẹ́ ẹ ò bá ní bọ́ọ̀sítà, ẹ pa Antenna Power.

Bí iná bá lọ pátá tó sì dé pa dà, àpótí mìíràn máa ń tàn fúnra rẹ̀, òmíràn á sùn lọ tí Timer rẹ̀ á ṣì ṣiṣẹ́, òmíràn á gbàgbé ohun gbogbo. Ẹ fa wáyà yọ fún ìṣẹ́jú 2 kẹ́ ẹ wo irú tiyín.

Òṣómàáló:
Éríà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ má wo ibi tí éríà aládùúgbò kọjú sí; ta ló mọ ọdún tó ti gbé e síbẹ̀? Bó bá jẹ́ Òṣogbo ni sígínà tẹ́ ẹ fẹ́ ti ń wá, láti Ilé-Ifẹ̀, àríwá gan-an ni. Ẹ dúró láàárọ̀, kí oòrùn tó ń yọ wà lápá ọ̀tún yín, iwájú yín ni Òṣogbo, bíi kìlómítà 30 lójú òfurufú. Láti Iléṣà, bẹ́ ẹ bá ti kọjú sí àríwá bẹ́ẹ̀, ẹ yí ìdajì sí apá ìwọ̀-oòrùn. Bó bá jẹ́ NTA Ifẹ̀ lẹ fẹ́ ní Ifẹ̀, inú ìlú ni, ọ̀nà ibòmíì ni ìyẹn.

Ẹ̀rọ dígítà kì í ṣe "yìnyín" bíi ti àtijọ́. Ó dáa tàbí kó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nínú Menu, ẹ wo "Quality" (bí sígínà ṣe mọ́ sí), ẹ fi "Strength" (agbára rẹ̀) sílẹ̀. Strength lè jẹ́ 90 kí Quality jẹ́ 20 tí bọ́ọ̀sítà bá lágbára jù. Ẹ rọra máa yí éríà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú-àáyá 5 lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà yẹn máa ń lọ́ra. Iléṣà wa yìí jẹ́ ìlú òkè. Ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn òkè, kí ọ̀pá gùn sí i ló ń ràn án lọ́wọ́ ju bọ́ọ̀sítà lọ. Wáyà RG6 ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo wáyà funfun tíńrín yẹn, kẹ́ ẹ sì fi téèpù di oríkèé rẹ̀ níta, torí òjò.

AwoHall:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ti GOtv tó wà nílẹ̀: ẹ ra ohun tí wọ́n ń pè ní USB capture, tó ní ihò pupa, funfun àti yẹ́lò, ẹ fi wáyà AV so ẹ̀yìn díkódà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi sára láàpútọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ ṣí OBS Studio, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba àwòrán sílẹ̀. HDMI ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbìyànjú, ojú rẹ̀ á sì dúdú, torí HDCP, àgádágodo tí wọ́n fi dáàbò bo àwòrán, ti tì í. AV ni kẹ́ ẹ lò.

Ohun mẹ́ta ló máa ń dà á rú. Bí àwòrán bá jẹ́ dúdú àti funfun tàbí tó ń yí gbirigbiri, NTSC, ètò àwòrán ti Amẹ́ríkà, ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sí PAL_B tó jẹ́ tibí, 720x576, férémù 25. Bí díkódà bá lo wáyà AV onírìn kékeré bíi ti ìgbọ́hùn fóònù, tí kò sí àwòrán ṣùgbọ́n tí ohùn ń kùn, ẹ pààrọ̀ yẹ́lò àti pupa. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló to ibẹ̀ bákan náà. Ìkẹta, ẹ tan "Deinterlacing" kí ìlà-ìlà má bàa wà lára ẹni tó ń sáré.

Bitrate (ìwọ̀n tí àwòrán ń jẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) 2500 tó, bíi GB 1.1 ní wákàtí kan. Irú fáìlì MKV ni kẹ́ ẹ fi pamọ́, ẹ má fi ṣe MP4 lásán. Tí iná bá lọ láàárín, MKV á ṣì ṣí títí dé ibi tó dúró, MP4 lásán á bàjẹ́ tán. Lẹ́yìn náà lẹ lè fi "Remux Recordings" sọ ọ́ di MP4.

Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí éríà fúnra rẹ̀, kó ra USB tuner T2, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba sígínà éríà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ pé ṣíìpù RTL2832U nìkan ló wà nínú rẹ̀, T ni. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, pẹ̀lú TV HAT tó ń gba sígínà fún un, ń gba T2; ẹ fi ètò Tvheadend sí i, kẹ́ ẹ máa fi fóònù ṣètò rẹ̀ lórí port 9981. Ìkànnì tí wọn ò tì pa nìkan ni o.

Oníwáyà:
Àbúrò, o ṣeun. Ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù máa ń jẹ wáàtì 30 sí 60. Àpótí T2 ń jẹ 8. Ẹni tí NEPA ń dà láàmú, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kó tó lọ síbi tìrẹ.

Bàbá Ìlódè:
Ẹni tí ẹ̀rọ fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó fi wáyà AV díkódà sí "Line In" rẹ̀, kó yan AV, kó tẹ REC. Kásẹ́ẹ̀tì E-180, wákàtí mẹ́ta. Bẹ́ ẹ bá fi sórí LP tó ń yí díẹ̀díẹ̀, mẹ́fà, àmọ́ àwòrán ò ní mọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi spírítì nu orí ẹ̀rọ náà tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ìyá Kọ̀ǹpútà:
Ẹ ṣeun, bàbá. Kẹ́ ẹ tó náwó púpọ̀, ẹ yẹ YouTube wò. Channels àti TVC ń gbé ìròyìn wọn síbẹ̀, kò sídìí láti fi fíláàṣì gba ìyẹn. Ètò ìbílẹ̀ tí kò dé íntánẹ́ẹ̀tì ló tọ́ sí làálàá yìí. Ohun tẹ́ ẹ bá sì gbà sílẹ̀, wíwò inú ilé ni. Ẹni tó bá ń dà á sí káàdì tà ní ọjà ti rú òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ ẹlòmíì.

Lagere_22:
Àpótí ti dé. GMT+1 ti wà níbẹ̀, fíláàṣì jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n bólì àná, wákàtí méjì géérégé ló gbà, ó gé àfikún àkókò dà nù. A tẹ REC fúnra wa, a ò fi Timer sí i. Ṣé fíláàṣì ni?

Òṣómàáló:
Fíláàṣì kọ́. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ REC lórí ọ̀pọ̀ àpótí wọ̀nyí, wákàtí méjì ló máa ń fún ara rẹ̀. Ẹ tẹ REC lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ti ń gbà á, ojú kékeré kan á jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ 03:30 sí i, kẹ́ ẹ tẹ OK. Fáìlì náà wà nínú fódà tó lè máa jẹ́ PVR tàbí ALIDVRS2. Bí orúkọ fáìlì bá parí sí .ts, VLC, áàpù tó ń ṣí fídíò, á ṣí i lórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Stop kẹ́ ẹ tó fa fíláàṣì yọ.